Iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá onílé yá ilé fún ayálégbé ní Ìkòròdú: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í bi wá ní ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ń béèrè, ẹni tó ti wọṣẹ́ tí nǹkan dojú rú fún ń béèrè, òbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ gidi ni ọmọ òun ń lọ ṣe náà ń béèrè. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí ni ilé-iṣẹ́ báyìí ń ṣe? Ṣé kì í ṣe ejẹ́ǹtì náà ni?

Ejẹ́ǹtì máa ń báni wá ilé, yóò gba kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀, ó tán síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí ayálégbé bá ti kó ẹrù wọlé. Òun ló ń gba owó ilé lọ́dọọdún, òun ló ń wá pọ́lọ́ḿbà nígbà tí páìpù bá bẹ́, òun ló ń parí ìjà orí omi, òun ló sì ń jíṣẹ́ owó fún lándílọ́ọ̀dù tó lè wà ní Ṣúrùlérè tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún iṣẹ́ àbójútó yìí, ìdá 10 nínú 100 owó ilé tí wọ́n bá gbà ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú.

Ẹni tó bá rò pé wíwá ayálégbé ni gbogbo iṣẹ́ náà, yóò sú u kíákíá. Ìgbà tí wọ́n bá pín kọmíṣọ́ọ̀nù tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń mọ òṣìṣẹ́ tó dáa yàtọ̀.

Ìwé wo ni mo nílò kí wọ́n tó gbà mí?

Ní ọ́fíìsì kéékèèké, ìwé mẹ́wàá (ti ilé ẹ̀kọ́ girama) tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ lè kọ lẹ́tà tó já gaara, kí ẹ ṣírò owó láìsí àṣìṣe, kí ẹ sì bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ láì gbó o lẹ́nu. Ẹni tó bá ka Estate Management (ẹ̀kọ́ àbójútó ilé àti ilẹ̀) ní àǹfààní tó pọ̀, kò sì dìgbà tí ẹ bá lọ jìnnà: LASUSTECH, tó ń jẹ́ LASPOTECH tẹ́lẹ̀ kó tó di yunifásítì ní 2022, wà nílẹ̀ Ìkòròdú níbí. Yaba Tech àti UNILAG náà ń kọ́ ọ.

Ẹ má ṣe pe ara yín ní estate surveyor tí ẹ kò bá tíì dé ibẹ̀ o. Orúkọ yẹn ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́dọ̀ NIESV, ẹgbẹ́ àwọn estate surveyor, ó sì ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ESVARBON, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn. Ní ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASRERA ló ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ejẹ́ǹtì sílẹ̀. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ọ̀gá tí inú rẹ̀ bá ru sí ìbéèrè yẹn, ẹ yáa wá ibòmíràn.

Báwo ni ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń rí?

Kò sí ọjọ́ méjì tó jọra, àmọ́ fóònù ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Kí aago méje tó lù, Ìyá Ìbejì ti pè pé omi kò gun táǹkì láti alẹ́ àná. Ẹ ó pe kẹ́ẹ́tékà kó lọ wo púmpù, ẹ ó pe rẹwáyà bó bá jẹ́ pé púmpù kò dún rárá. Lẹ́yìn náà ẹ ó mú oníbàárà méjì lọ wo ilé, ọ̀kan ní Ìgbógbó, ọ̀kan ní apá Àgíríìkì, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ ó gun ọ̀kadà níbi tí kẹ̀kẹ́ kò bá lè wọ̀. Ọ̀sán ni ẹ ó jókòó ti ìwé: rísíìtì, lẹ́tà ìránnilétí fún àwọn tí owó wọn máa tó pé, àti ìṣírò fún lándílọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo máa ń tẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé létí ni bí a ṣe ń yẹ ilé wò. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ wá máa nawọ́ sí yàrá. Ẹ wọlé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri ní gbogbo igun: bí ọ̀dà bá ń ṣí nílẹ̀, tàbí tí ìlà kan bá fa gbọọrọ kan náà yí yàrá ká, omi ti wọ ilé yẹn rí. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ mọ̀ bóyá omi yóò máa ya tàbí yóò máa kán. Ẹ da omi sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ dúró kó lọ tán; bó bá ń padà gòkè, sókàwéè ti kún nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára mítà, kó bá èyí tó wà lórí káàdì mu. Ẹ gbójú sókè wo sílíìnì fún àmì omi tó pọ́n bí ìpẹtà. Èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹjọ́ odidi ọdún kan.

Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń gba kọ́kọ́rọ́, ẹ tún ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò, ẹ ka gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti kọ́kọ́rọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì bọwọ́ lùwé.

Irú ilé wo la ń yá jù ní Ìkòròdú, àwọn wo ló sì ń yá a?

Gbogbo rẹ̀ ló wà: yàrá kan nínú ilé tí ilẹ̀kùn yàrá dojú kọra, yàrá àti pálọ̀ tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, mínì-fúláàtì, fúláàtì oníyàrá méjì àti mẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà ní Odógunyàn fẹ́ ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ yàrá tí ẹni méjì lè pawọ́ pọ̀ san. Àwọn tó ń lọ sí Erékùṣù lójoojúmọ́ fẹ́ itòsí bọ́ọ̀sì BRT, èyí tí wọ́n ṣí títì rẹ̀ láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú ní 2015, tàbí itòsí Èbúté tí wọ́n ti lè wọ ọkọ̀ ojú omi.

Nítorí náà, ìbéèrè tí oníbàárà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ó jìnnà sí títì?" Ẹ sọ òtítọ́ fún un. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kadà ni yóò gbà lẹ́yìn tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ní kó ka owó ọ̀kadà yẹn mọ́ owó ilé, àlọ àti àbọ̀. Bí títì náà bá ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba ilé tó sì ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kì í pè yín ní onírọ́ lóṣù Agẹmọ.

Èló ni wọ́n ń san?

Owó oṣù kékeré pẹ̀lú ìpín nínú kọmíṣọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù nínú òfin ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦70,000, àmọ́ òfin náà kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, kò sì de ẹni tó jẹ́ pé kọmíṣọ́ọ̀nù ni wọ́n ń san fún. Ọ́fíìsì tó pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ni òṣìṣẹ́ wọn kò pé mẹ́wàá. Ohun tí ẹ bá bọwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ ni yóò gbè yín.

Ká ní ilé kan jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Kọmíṣọ́ọ̀nù ìdá 10 nínú 100 jẹ́ ₦60,000, owó àgíríméǹtì náà sábà máa ń jẹ́ ₦60,000, ó sì yẹ kí ti àgíríméǹtì lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tó kọ ọ́. Bí ejẹ́ǹtì míì bá ló mú oníbàárà wá, wọn yóò dá kọmíṣọ́ọ̀nù sí méjì, ₦30,000 ni ilé-iṣẹ́ yín yóò mú, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ tiyín. Ẹ ti rí i pé owó tí ẹ rò lókè kọ́ ni ẹ máa bá nísàlẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ìdá mélòó ni tiyín, ọjọ́ wo ni wọn yóò san án, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí ìpín yín bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí owó tó wọlé.

Ta ló ń san owó ọkọ̀ àti owó fóònù mi?

Ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó san án. Bí wọ́n bá ní ẹ ó máa yọ ọ́ nínú owó oṣù yín, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbà, torí ẹsẹ̀ kì í sinmi nínú iṣẹ́ yìí.

Ṣé kí n máa gba owó wíwo ilé lọ́wọ́ oníbàárà?

Bí ilé-iṣẹ́ bá ní iye kan tó ń gbà, kó wà nínú ìwé, kó ní rísíìtì, kí oníbàárà sì mọ̀ ọ́n kó tó kúrò nílé. Kí ẹ gba owó náà kí ẹ wá mú ènìyàn lọ síbi tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gbà lánàá, olè ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní ọgbọ́n orí. Ẹni tó ń wá ilé ti há: bóyá wọ́n ti lé e níbi tó wà, bóyá ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ bímọ, bóyá owó tó mú wá yẹn ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yẹ ká fi ìyà kún ìyà rẹ̀.

Obìnrin ni mí. Ṣé iṣẹ́ yìí kò léwu?

Àwọn obìnrin wà nídìí rẹ̀ dáadáa, àwọn ayálégbé tó pọ̀ sì máa ń tètè tú ọ̀rọ̀ inú wọn fún wọn. Àmọ́ ilé òfìfo pẹ̀lú àlejò kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú kékeré wò, ọkùnrin náà kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pàdé oníbàárà ní ọ́fíìsì tàbí níbi tí èrò wà. Ẹ ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lọ́fíìsì kí ẹ tó gbéra. Ẹ sọ fún kẹ́ẹ́tékà pé ẹ ń bọ̀. Nínú ilé, ẹ jẹ́ kí oníbàárà ṣáájú wọ yàrá, kí ẹ̀yin wà níhà ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó di ọ̀la.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti Ìkòròdú. Ọjọ́ Orò Magbó máa ń wáyé lọ́dọọdún, obìnrin kì í sì jáde títí wọn yóò fi parí. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ yẹn sí wíwo ilé, ẹ sì rí i dájú pé obìnrin tó ń bọ̀ láti ìta ìlú mọ̀, pàápàá ẹni tó fẹ́ kó ẹrù wọlé lọ́jọ́ náà.

Òfin wo ló yẹ kí n mọ̀?

Tenancy Law ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2011. Òfin yìí kò de Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, àmọ́ ó de Ìkòròdú. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ má ṣe dúró de ìtàn.

Ohun tó máa ń ya onílé lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ìṣájú. Òfin kò gbà kí wọ́n béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nílé, owó oṣù mẹ́fà ni òpin fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, ọdún kan sì ni fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè ọdún méjì. Ẹni tó bá gbà á, tó fi mọ́ ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ san án, wà lábẹ́ ìjìyà ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Bí lándílọ́ọ̀dù bá ní kí ẹ lọ gba ọdún méjì wá, ọwọ́ yín ni yóò wà nínú rẹ̀ bí ó bá di ẹjọ́.

Rísíìtì jẹ́ dandan. Kó ní ọjọ́ tí wọ́n san owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ìgbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tó máa parí. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń gbàgbé kọ jù, orí rẹ̀ sì ni ìjà máa ń dá sí.

Ti ìwé kíkúrò nílé náà ṣe pàtàkì. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́tamẹ́ta tàbí mẹ́fàmẹ́fà ní oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn tí ìyẹn bá pé ni ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ pé onílé fẹ́ lọ sí kóòtù yóò tẹ̀lé e. Bí àgíríméǹtì bá sọ ọ̀tọ̀, ti àgíríméǹtì ni kóòtù yóò wò.

Lándílọ́ọ̀dù ní òun kò fẹ́ ẹ̀yà kan, tàbí obìnrin tí kò lọ́kọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìpolówó, ẹ má sì sọ ọ́ fún oníbàárà bí ẹni pé òfin ni. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 lòdì sí fífi ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ obìnrin ya ènìyàn sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì kọ sórí Facebook kì í pa rẹ́.

Ẹ jókòó ti bàbá náà, kí ẹ fọgbọ́n béèrè ohun tó ń bẹ̀rù. "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ ó gbọ́ pé ẹnì kan jẹ wọ́n ní gbèsè ọdún kan, tàbí pé ariwo kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Gbèsè ní oògùn: onígbọ̀wọ́ méjì, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, ìpè sí lándílọ́ọ̀dù tí ayálégbé ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ariwo náà ní oògùn nínú àgíríméǹtì. Mo ti rí ọmọbìnrin anìkàngbé tí onílé kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, tó wá di ẹni tí ìyàwó onílé ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń lọ sí òde.

Kí ni mo fẹ́ fi owó kọ́ṣọ́nù ṣe, ta ló sì ni ín?

Ayálégbé ló ni ín títí di ọjọ́ tó máa kó jáde. Owó ìdúró ni, fún ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó wà lọ́tọ̀, kó ní rísíìtì tirẹ̀. Ibi tí fídíò ọjọ́ àkọ́kọ́ ti ń wúlò nìyí: ẹ wo ti àná àti ti òní, kí ẹ yọ owó gíláàsì tó fọ́, kí ẹ dá èyí tó kù padà. Ọ̀dà tó ṣá nítorí ọdún ti pẹ́ kì í ṣe ohun tí ayálégbé bà jẹ́.

Ọ́fíìsì tó bá ń fi owó kọ́ṣọ́nù san owó oṣù òṣìṣẹ́ ti wà nínú ewu, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀.

Ilé ń jò, lándílọ́ọ̀dù kò dáhùn. Èmi ni ayálégbé ń bínú sí.

Ẹ̀yin ni yóò máa bínú sí, torí ẹ̀yin ni ojú rẹ̀ ń rí. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Nínú òfin 2011, àyàfi bí àdéhùn bá sọ ọ̀tọ̀, àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò wà lọ́rùn onílé, òrùlé wà nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ibi tó ń jò, kí ẹ mú káfíńtà lọ kó sọ iye, kí ẹ fi méjèèjì ránṣẹ́ sí onílé pọ̀. Onílé tó ń gbọ́ "Ilé ń jò" lásán lè fi falẹ̀. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tí omi ti rẹ, tó sì rí iye owó rẹ̀ lábẹ́ fọ́tò náà, kì í sábà dákẹ́.

Ohun tó dáa jù ni kí ó ti wà nínú àdéhùn ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú onílé pé ẹ lè ná iye kan lórí àtúnṣe pàjáwìrì láìdúró de àṣẹ.

Ayálégbé tuntun bá gbèsè iná lórí mítà. Ta ni yóò san án?

Kì í ṣe òun. Ẹ kò yẹ kí ẹ jẹ́ kó dé ibẹ̀ rárá: kí ayálégbé àtijọ́ tó gba owó kọ́ṣọ́nù rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà mítà náà lọ sọ́dọ̀ Ikeja Electric, kí ẹ bèèrè bóyá gbèsè wà lórí rẹ̀. Bí gbèsè bá ti jáde lẹ́yìn tí ẹni náà lọ, onílé àti ilé-iṣẹ́ ni yóò yanjú rẹ̀.

Ayálégbé kò san owó. Lándílọ́ọ̀dù ní kí n lọ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, tàbí kí n ti àgádágodo mọ́ ọn.

Ẹ má lọ. Ẹ má rán kẹ́ẹ́tékà lọ. Ẹ má wá àwọn ọmọ àdúgbò lọ. Ẹni tó bá fi agbára tàbí ìhàlẹ̀ lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ kóòtù lè san ìtanràn tó tó ₦250,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà kò gbà kí wọ́n gé omi tàbí ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì gbà kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dé, ẹ̀yin tí ẹ mú ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ni wọn yóò bá níbẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù wà nílé rẹ̀ tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ayálégbé sọ̀rọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tó dákẹ́, kì í ṣe lójú àwọn ará ilé. Gbèsè ilé sábà máa ń ní ìdí: wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, àìsàn wọlé, ọjà wọmi. Ẹ jẹ́ kó sọ iye tó lè san àti ọjọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó bọwọ́ lù ú. Bí ẹ kò bá gbọ́ ara yín yé, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń bá ènìyàn làjà lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì ti rí ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ di ìjà tó parí síbẹ̀ nírọ̀rùn.

Bí gbogbo ìyẹn bá já sí pàbó, ìwé ìkìlọ̀ ni ó kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ lọ́yà àti kóòtù Májísíréètì. Ẹni tó ń san lóṣooṣù tó bá ti jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, òfin ti ka àdéhùn rẹ̀ sí èyí tó ti parí. Ẹ sọ fún lándílọ́ọ̀dù pé ó máa pẹ́ díẹ̀. Ẹ fi ìṣírò hàn án pé pípẹ́ náà kò tó ohun tí ẹjọ́ ilẹ̀kùn yíyọ lè kó bá a.

Oníbàárà fẹ́ san owó ilé sínú àkáǹtì èmi fúnra mi torí ti ilé-iṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣé kí n gbà á?

Rárá, kódà bí ọ̀gá bá sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Owó ọlọ́wó tó bá wọ àkáǹtì yín ti di ọ̀rọ̀ yín. Bí ilé náà bá bọ́ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́ lọ́la, orúkọ yín ni yóò gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ní kó dúró di ọjọ́ kejì. Bí ìyẹn bá mú kí ilé lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ wá òmíràn fún un.

Wọ́n ti gba owó ilé kan lọ́wọ́ ẹni méjì. Èmi ni mo mú ẹnì kejì wá.

Ẹ pe ẹnì kejì náà lónìí, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ má parọ́ pé wọ́n ṣì ń kun ilé. Ẹ lọ bá ọ̀gá pẹ̀lú rísíìtì méjèèjì, kí ẹ kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Gbogbo owó ẹnì kejì gbọ́dọ̀ padà, tó fi mọ́ kọmíṣọ́ọ̀nù. Ìpín tiyín tí ẹ ti ná nínú rẹ̀, ẹ wá a jáde. Bí ọ̀gá bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ júwe ọ̀nà LASRERA fún oníbàárà, kí ẹ sì jẹ́rìí òtítọ́ bí wọ́n bá pè yín. Iṣẹ́ lè bọ́ nítorí èyí. Ọ́fíìsì tó ń ta ilé kan lẹ́ẹ̀mejì kò ní pẹ́ kó tó fi ẹ̀yin náà dí ihò kan.

Lándílọ́ọ̀dù fẹ́ kí èmi àti òun máa bá ara wa ṣe é lẹ́yìn ilé-iṣẹ́.

Wọ́n á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ọmọ mi, ìwọ ni mo mọ̀, n kò mọ ọ̀gá ẹ." Ó dùn gbọ́, ó sì lè jẹ́ òtítọ́. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ pé ilé-iṣẹ́ ló ní àdéhùn. Bí ó bá wù yín láti dá dúró lọ́jọ́ kan, ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ forúkọ tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, kí onílé fúnra rẹ̀ fòpin sí àdéhùn rẹ̀ àtijọ́ ní ìlànà. Onílé tó bá gbà kí ẹ da ọ̀gá yín yóò máa ṣọ́ yín ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fi bá a ṣiṣẹ́.

Lándílọ́ọ̀dù ti kú. Àkọ́bí ní òun ló ń gba owó, ìyàwó kékeré ní òun ni, àbúrò olóògbé náà ti wá halẹ̀.

Èyí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú, níbi tí ilé ẹbí pọ̀ sí. Ẹ lọ kí wọn, ẹ bá wọn kẹ́dùn, ẹ má mẹ́nu ba owó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo wọn: owó ilé kò ní lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi mú ìwé wá. Bí olóògbé bá ṣe ìwé ìhágún, ìwé tí High Court fi fọwọ́ sí i ni ẹ ó béèrè. Bí kò bá ṣe é, ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun ìní olóògbé, èyí tí High Court kan náà ń fún ẹbí, ni.

Ẹ kìlọ̀ fún ayálégbé kí wọ́n má san owó fún ẹni tó bá kàn dé ẹnu ọ̀nà pé òun lọmọ olóògbé. Owó tó bá ń wọlé, kó wà lọ́tọ̀ nínú àkáǹtì, kí ẹ máa yọ owó àtúnṣe tó pọn dandan nìkan, kí rísíìtì ìkọ̀ọ̀kan sì wà. Ẹ lè gba ìpè tó gbóná lóru, ẹ lè gbọ́ èébú. Àkọ́bí ti lè mọ ilé yín. Ẹ má fi ẹnu dáhùn nǹkan kan tí ẹ kò lè kọ sínú lẹ́tà, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà ìṣírò ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, ìyàwó kékeré àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.